Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Ọkà Wà

Àbúrò mi Yevmen ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún méje ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ sóko nígbà ìkórè tí ọwọ́ ìyá wa bá dí. Ní Kyiv, wọ́n mọ̀ ọ́n sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lytovka, nígbà tó yá wọ́n mọ̀ ọ́n sí igbákejì mínísítà. Ṣùgbọ́n ní Sukha Hreblia, abúlé tí wọ́n bí wa sí, Yevmen ọmọ Pavlo ni, èyí tó ń jẹ ilẹ̀.

Ẹ má rò pé àfiwé ni. Ó ń jẹ ẹ́ ní tòótọ́. Kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ahọ́n kàn án, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ti etí odò níyọ̀, ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ò níyọ̀." Bàbá wa a máa nà án nítorí aràn. Wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ dèèyàn ńlá ló ti ń kọ́. Àlùfáà wa ló bá a wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó lọ sí Kharkiv, ó sì padà wá pẹ̀lú irùngbọ̀n, awò ojú, àti irin gígùn kan tó máa ń yí wọ inú ilẹ̀ bí ìgbà tí káfíńtà bá ń dá igi lu. Ó ní òun fẹ́ ya máàpù ilẹ̀ gbogbo agbègbè wa, kóun sì fi ohun tó wà nísàlẹ̀ hàn: ibi tí ilẹ̀ dúdú parí sí, ibi tí amọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí omi wà.

Ẹni tó bá a gbé irin náà fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́jọ ni Oksentiy Bilous. Àgbẹ̀ ni Oksentiy. Ó ga, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí gegele tàbí àfonífojì kan láàárín wa àti odò Psel tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni Vustia ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo gbé àkọ́bí rẹ̀ lọ́wọ́ níbi ìsàmì, nítorí náà Kuma ni àwa méjèèjì ń pe ara wa. Tí Yevmen àti Oksentiy bá ti oko dé, tí erùpẹ̀ kún inú etí wọn, Vustia á ní:

"Kuma, wá wò wọ́n. Ọkọ ẹlòmíràn lọ sí Poltava, ó ra bàtà bọ̀. Tèmi lọ, ó ru amọ̀ bọ̀."

Oksentiy á rẹ́rìn-ín, á ní, "Obìnrin yìí, amọ̀ tí ò ń bú yìí, wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwọ ńkọ́, ta ni yóò kọ tìẹ?"

Ọ̀rọ̀ kòtò ọkà ni ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà wa. Lábẹ́ ilẹ̀ dúdú wa, amọ̀ kan wà tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì gbẹ táútáú. Inú rẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti máa ń gbẹ́ kòtò sí. Ẹnu kòtò á há, inú rẹ̀ á fẹ̀ bí ìgò. Wọ́n á dáná sínú rẹ̀ kí ògiri rẹ̀ lè le, wọ́n á tẹ́ pòròpórò sí i, wọ́n á da ọkà sí i, wọ́n á bò ó, wọ́n á sì jẹ́ kí koríko hù lé e lórí. Ọkà lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìbàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu kòtò rẹ̀ han ará ìta. Mo mọ bàbá kan tó kú láìsọ ọ́ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi han Yevmen. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò pẹ̀lú àtùpà, gbogbo ìpele ilẹ̀ wà lára ògiri níwájú rẹ̀, kò ní láti gbẹ́ nǹkan kan mọ́. Oksentiy ló ń mú un láti ilé dé ilé, á máa bẹ̀bẹ̀ fún un: "Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ọmọ wa ni. Ilẹ̀ ló ń wò, kò wo ọkà yín." Yevmen náà á fi sàréè ìyá wa búra pé nítorí ìmọ̀ nìkan ni. Kòtò mọ́kànlélógójì ni wọ́n ṣí fún un. Gbogbo èyí tó wọ̀ ló fi àgbélébùú pupa kékeré kan sàmì sí lórí máàpù. Èmi ni mo fi àtè lẹ máàpù náà mọ́ aṣọ, tí mo sì rán etí rẹ̀ yíká kó má baà ya. Mo rí àwọn àgbélébùú náà. Mo tilẹ̀ bi í pé èwo ni ti Oksentiy, ó sì fìka hàn mí.

Nígbà tí wọ́n yọ ọba Rọ́ṣíà kúrò lórí oyè lọ́dún 1917, tí àwọn èèyàn wa ní Kyiv ní ìjọba tiwa làwọn fẹ́, gbogbo ènìyàn di olóṣèlú. Àní Yevmen, ẹni tí kì í lè gbàdúrà oúnjẹ níwájú èèyàn mẹ́wàá láìkólòlò, òun ló dìde níbi ìpàdé àwọn àgbẹ̀ tó fa erùpẹ̀ yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Mo ti fi ogún ọdún wo èyí. Mi ò tíì rí orúkọ ọlọ́lá kankan nínú rẹ̀. Òógùn nìkan ni mo rí." Àwọn àgbẹ̀ gbé e sórí èjìká. Oksentiy wà níbẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti fi àbúrò mi ṣe igbákejì mínísítà tó ń bójú tó oúnjẹ. Kò níyàwó, èmi náà sì ti dopó, mo bá kó ẹrù mi, mo tẹ̀ lé e lọ sí Kyiv láti máa dáná fún un.

Ìjọba tuntun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn Bolshevik lé wọn kúrò nílùú. Àwọn tiwa bá lọ bẹ àwọn Jámánì. Àwọn Jámánì dé, wọ́n lé àwọn Bolshevik lọ, wọ́n sì ní ọkà la ó fi san án, nítorí ebi ń pa àwọn èèyàn wọn nílé. Ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó pe ìkookò kó wá bá òun lé ajá.

Ọ̀gá ọmọ ogun Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Reimers. Òun ló ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ológun wá bá Yevmen sọ̀rọ̀ ọkà. Kí ogun tó dé, ìmọ̀ òkúta lòun náà ń kọ́ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn wọ̀. Ó jẹ ọbẹ̀ mi nílé wa lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì yìn ín. Ọjọ́ kẹta yẹn ló dìde láti ìdí tábìlì tó lọ dúró níwájú máàpù tó wà lára ògiri.

"Iṣẹ́ yìí dára," ó wí. "Kí ni àwọn àgbélébùú yìí?"

"Ibi tí mo ti yẹ ilẹ̀ wò ni," Yevmen dáhùn. Etí rẹ̀ pọ́n. Láti kékeré ni etí rẹ̀ ti máa ń pọ́n tó bá ń purọ́.

Reimers wo etí náà, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé pé tí ọkà agbègbè wa kò bá pé, àwọn ọmọ ogun yóò máa wọlé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò wó ààrò, wọn yóò fi ọ̀bẹ ìbọn gún ilẹ̀ ilé títí wọn yóò fi rí i. Yevmen kò sùn fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ní àárọ̀, ó ká máàpù náà kúrò lára ògiri, ó gbé e wá bá mi ní ilé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, òwú etí rẹ̀ ti ń tú. Ẹ bá mi rán an, kí wọ́n lè ká a sínú àpò."

"Àpò ta ni?"

Ó jókòó sórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé ṣan ẹja.

"Wọ́n máa rí ọkà yẹn bó pẹ́ bó yá," ó wí. "Tí wọ́n bá ń wá a kiri, wọ́n á wó ilé, wọ́n á lu èèyàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mọ ibi tó wà, wọ́n á mú ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n á lọ. Wọn ò ní fọwọ́ kan irúgbìn. Reimers ti fún mi ní ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀," mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí a ò bá san án, ìjọba yìí á ṣubú. Gbogbo ohun tí a ṣe á di òfo."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé ìjọba tó bá lè ṣubú nítorí kòtò Oksentiy, kó ṣubú. Ó yẹ kí n ju nǹkan náà sínú ààrò, ààrò ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ó ti rò ó ju bí mo ṣe lè rò ó lọ. Mo ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo rán an dáadáa, mo fi eyín gé òwú náà, mo sì fún un.

Ní oṣù karùn-ún, lẹ́tà Vustia dé. Kò mọ̀wé kọ, díákónì ló bá a kọ ọ́. Yevmen kà á lórí ìdúró, ó sì kà á sókè, nítorí ó mọ̀ pé èmi náà fẹ́ gbọ́. Bí Vustia ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́ nìyí:

"Yevmen Pavlovych wa ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ ogun dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo ìwé kan, wọ́n sì ń lọ tààrà sí ẹnu kòtò, bí ẹni tó ń lọ sí ilé ara rẹ̀. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀, wọ́n kó irúgbìn mọ́ ọn. Oksentiy lọ dùbúlẹ̀ lórí tiwa, ó ní kí wọ́n kó òun náà. Wọ́n mú un lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n nà án ní pàṣán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kú lọ́jọ́ kẹta. Ẹni tó mọ ibi tí ọkà wà ló tà wá. Gbogbo ènìyàn ní Nychypir tó ni ọlọ ni, torí ó ń lọ ìyẹ̀fun fún àwọn Jámánì. Èèyàn ńlá lẹ jẹ́ níbẹ̀. Ẹ bá wa wádìí, kí ẹ sọ fún wa ẹni tó ṣe é, kí a lè mọ ohun tí a máa ṣe."

Ó ká lẹ́tà náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó ń ká a lọ títí kò fi ṣeé ká mọ́. Ó jókòó sórí ilẹ̀. Mo ń sunkún, òun kò sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ wá Reimers. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá níbẹ̀ ní òun kò mọ ọ̀rọ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Yevmen kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ìwé ìròyìn kan sì yìn ín. Wọ́n kọ ọ́ pé ó wù wọ́n kí gbogbo olóṣèlú ní ẹ̀rí ọkàn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Lytovka. Àwọn aládùúgbò ń ṣí fìlà fún un lójú pópó. Tó bá ti wọlé, á bì.

Kò fèsì lẹ́tà Vustia. Ó kọ ọ́, ó ya á, ó tún kọ ọ́. Mo rí bébà yíya nínú ààrò láràárọ̀. Mi ò bi í. Oṣù kẹfà kọjá, oṣù keje kọjá. Èmi náà lè ní kí ẹnìkan bá mi kọ lẹ́tà. Ìyá ìsàmì ọmọ rẹ̀ ni mí. Mi ò ṣe é. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹnu àbúrò mi ni ọ̀rọ̀ náà ti yẹ kó jáde.

Nígbà tí oṣù kẹjọ ń parí lọ, obìnrin kan láti abúlé wa gbé èso púlọ́ọ̀mù wá tà ní Kyiv, ó sì yà sọ́dọ̀ wa. Ó jẹun, ó mu tíì, ó ń sọ ìròyìn.

"Ẹ ò gbọ́ ni? A ti sun ọlọ afẹ́fẹ́ Nychypir! Ó jó bí àbẹ́là Ọjọ́ Àjíǹde. Ìdílé àfẹ́sọ́nà Melashka ọmọ rẹ̀ náà sì ti dá aṣọ ìnura tí a fi ṣe ìdána padà. Wọ́n ní àwọn ò lè fẹ́ ọmọ ọ̀dàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn fa omi nínú kànga kan náà mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Kó jẹ ọkà Jámánì rẹ̀ yó."

Yevmen gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó ní, "Ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. A ń lọ sílé."

Ẹsẹ̀ kò sáré bí ẹnu. Àìsàn dá a dúró, ọkọ̀ ojú irin kò lọ déédéé. Ìgbà tí a máa fi dé Sukha Hreblia, ewé ti ń já, a sì ti ń sún mọ́ àjọ̀dún ìkórè tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kẹwàá. Ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn èèyàn ń jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n yọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, nítorí òun ló dùn mí jù: wọ́n yọ̀. Bàbá Yukhym, olórí abúlé, dì mọ́ ọn. "Yevmen Pavlovych! Wọ́n ní ẹ bínú kúrò nínú ìjọba nítorí tiwa!" Vustia wọ dúdú. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Kuma, ẹ pẹ́," mo sì gbọ́ òórùn ilé rẹ̀ lára rẹ̀.

Nychypir àti Melashka dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹni tí àrùn ń ṣe.

Yevmen gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣí fìlà. Ó ń kólòlò bó ṣe ń ṣe ní kékeré.

"Kì í ṣe Nychypir," ó wí. "Èmi ni. Èmi ni mo fún wọn ní ìwé tí wọ́n ń wò. Gbogbo kòtò tí ẹ ṣí fún mi, mo sàmì sí i. Mo fi sàréè ìyá mi búra fún yín, mo sì fún wọn."

Wọn kò gbọ́ ọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé etí wọn gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń dúró kó sọ ìyókù tí yóò jẹ́ kó yé wọn. Bàbá Yukhym ní, "Wọ́n fipá gbà á lọ́wọ́ yín ni?"

"Rárá, bàbá. Mo ká a kúrò lára ògiri fúnra mi."

Ibẹ̀ ni ariwo ti ta. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hordiy, tó ti jẹ́ ọmọ ogun rí, òun náà ló ṣáájú àwọn tó sun ọlọ, pariwo pé, "Ẹ mú pàṣán wá! Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Bí Oksentiy ṣe gba tiẹ̀, kí òun náà gba tiẹ̀ níhìn-ín!" Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Yevmen kò jiyàn. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó bọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ká wọn jọ, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì igi tí wọ́n ti na Oksentiy. Mo wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ni mo rí níbẹ̀. Ó ń retí rẹ̀, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó gbọ́ ìró garawa.

Vustia náà rí i.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí. Gbogbo wọn dákẹ́, torí òun ló lòkú. "Ẹ wò ó bó ṣe ń yá a lára. Ẹ fẹ́ nà án kó lè dìde kó sọ pé ó tán? Kẹ́ ẹ̀yin náà lè lọ jẹun? Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ò tán. Wọ ẹ̀wù rẹ, Yevmen. Òtútù ń mú."

Láti ìgbà tí Yevmen ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, "ẹ" ni Vustia máa ń pè é. Ọjọ́ yẹn ló pè é ní "ìwọ". Ó yí padà, ó lọ sílé.

Nychypir ló wá rìn síwájú. Ènìyàn kúkurú ni, ẹnu rẹ̀ mú.

"Ṣé ó ti parí?" ó wí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀, ẹ ti gbọ́, ó dàárọ̀? Ìdajì abúlé ò wá ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Tó bá di ọ̀la, wọ́n á ní Nychypir ló ra ẹnu rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ilé mẹ́rìndínlógóje ló wà ní Sukha Hreblia. Èmi àti ẹ̀yin ni a máa jọ kan gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ níbí. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ kí n máa wo ojú wọn."

"Mo gbà," Yevmen wí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rìn ín. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ méjì níbẹ̀. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Àwọn kan tutọ́. Màmá arúgbó kan gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wọlé, ó mú búrẹ́dì jáde, ó fún Nychypir, kò fún Yevmen, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n dé ilé Hordiy, kò fẹ́ jáde.

"Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì!" ó pariwo láti inú ilé.

"Jáde wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì," Nychypir wí. "Nígbà tí ò ń sun ọlọ mi, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lo tanná sí i?"

Hordiy jáde. Yevmen sọ tirẹ̀. Hordiy ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní, "Bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ ìwọ, Nychypir, o ti ń rẹ́ wa jẹ níbi òṣùwọ̀n láti ọjọ́ yìí wá."

Nychypir rẹ́rìn-ín. Yevmen sọ fún mi pé òun kò tíì gbọ́ ẹ̀rín tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. "Ó ṣeun," ni Nychypir wí. "Ìyẹn gan-an lẹ sun ún fún. Mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan sọ ọ́."

Ilé Nychypir fúnra rẹ̀ ni wọ́n lọ kẹ́yìn. Melashka ń fọ ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti fẹ́ ẹlòmíràn ní oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ò ṣeé tún ṣe mọ́. Yevmen kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ ń dọ̀tí ibi tí mo ti fọ̀."

Mo ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin yẹn bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Ilé bàbá wa ni mo wà, mo ń dáná. Yevmen kò dárúkọ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn kankan. Kò sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi rán an", kò sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi mọ̀". Alaalẹ́ ló ń dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, mo ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, mo sì ń sọ fún ara mi pé lọ́la èmi náà á dìde, màá bá wọn lọ. Ilé kẹrìndínlógóje kọjá. Mo ṣì ń sọ ọ́.

Kò padà sí Kyiv mọ́. Àwọn ìjọba ń yí padà níbẹ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Àwọn kan ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Ó ta ìwé rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó fi ń wo erùpẹ̀ ní Poltava, ó fi ra pákó, òun àti Nychypir sì jọ bẹ̀rẹ̀ ọlọ náà lákọ̀tun. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ju "mú èyí" àti "gbé ìyẹn" lọ. Nychypir ń bú u bí kò bá mọ ìṣó kàn. Ó kàn án tì, ó gún ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọ́ ọ. Ìgbà ìrúwé ọdún kejì ni apá ọlọ kọ́kọ́ yí. Wọn ò pè é síbi ọtí tí wọ́n mu lọ́jọ́ náà.

Irúgbìn tó ti Poltava wá ní ọdún yẹn kò tó nǹkan. Yevmen ń lọ sóko láìpè é, ó ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ ibi tó yẹ kí wọ́n fi díẹ̀ tí wọ́n ní sí. Àwọn kan gbọ́ tirẹ̀, wọ́n sì kórè. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Vustia kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ bẹ́ǹṣì yẹn. Tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, á dúró, á wò ó títí yóò fi kọjá. Yevmen sọ fún mi pé òun a máa yan ọ̀nà ilé Vustia ní mọ̀ọ́mọ̀.

Àìsàn ibà onírorẹ́ tó ń ti ara kòkòrò iná inú aṣọ wá jà ní gbogbo ilẹ̀ wa ní ìgbà òtútù ọdún 1920. Yevmen ń gbé omi lọ sí ilé àwọn tó ń ṣàìsàn, títí tó fi kó o. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú, kò mọ̀ mí mọ́. Ó ń pe Oksentiy, ó ń sọ fún un pé kó rọra, irin ti kan amọ̀.

Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀sán, Vustia ti ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú garawa àti aṣọ funfun. Ó tún ìborí rẹ̀ so, ó ká apá ẹ̀wù sókè.

"Omi ti gbóná?" ó wí.

"Ó ti gbóná."

A bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. Ó ti rù gan-an. Vustia gbé orí rẹ̀ sókè, mo sì ń da omi. Níbẹ̀ ni ó ti já jáde lẹ́nu mi.

"Kuma, èmi ni mo rán máàpù yẹn. Mo mọ ohun tó wà lára rẹ̀. Mo mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ó gbé e wá bá mi lọ́jọ́ tó fẹ́ fún wọn, ó ní kí n rán etí rẹ̀, mo rán an. Ààrò ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo sì jẹ́ kó dá rin ilé mẹ́rìndínlógóje."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Omi ń kán láti irun Yevmen sórí pákó. Mo ń dúró de ohunkóhun: kó gbá mi létí, kó ju garawa lù mí, kó jáde.

"Gbé apá rẹ̀ sókè," Vustia wí. "Abẹ́ rẹ̀ ò tíì mọ́."

Mo gbé e sókè. A wẹ̀ ẹ́ tán, a wọ aṣọ fún un. Ilẹ̀ ti dì bí irin, Nychypir àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló fi odindi ọjọ́ kan gbẹ́ sàréè náà. Bóyá ọgbọ̀n èèyàn ló wá. Hordiy kò wá.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Vustia ń kí mi. Ó ń yá asẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ń yá iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ìsàmì mi bímọ, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lórí òkú àbúrò mi, kò tíì dá mi lóhùn rẹ̀ títí di òní. Ìgbà mìíràn tí a bá jókòó, tí a ń ṣa ẹ̀wà, á dákẹ́ lójijì, á máa wo ọwọ́ mi, èmi náà á sì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, á ní ẹ̀wà ọdún yìí kéré, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré, a ó sì máa ṣà á lọ.